Ààwẹ̀ Ọpẹ́olúwa

"Ẹ jẹ́ kí mọ́mì mi tètè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù," ni Ọpẹ́olúwa wí. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó di ojú rẹ̀ pinpin. "Ẹ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ má jẹ́ kí àwọn dókítà Àkúrẹ́ lọ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n tó tọ́jú wọn tán. Lórúkọ Jésù Olúwa wa."

"Àmín," ni ìyá àgbà rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, wí.

"Àmín," ni Akíntóyè, bàbá rẹ̀, náà wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Wúrà, ìyá ọmọ náà, ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìjàrẹ́ láti ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí. Gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ yẹn ló mọ̀, àfi ẹni tó ń gbàdúrà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí àìsàn Wúrà le, Akíntóyè gbé ọmọ wá sí Oǹdó sọ́dọ̀ Màmá, tó jẹ́ ìyá Wúrà, kí òun lè ráyè máa sùn ní ọsibítù ní Àkúrẹ́. Ọdún tí epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó ni. Àwọn dókítà ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oògùn tí èèyàn rà lánàá, tó bá padà lọ lónìí, wọ́n á ní ó ti tán tàbí ó ti lé. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe Wúrà, ṣùgbọ́n ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí wọ́n fi mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Bọ̀ọ̀dá Ṣàngódèyí, ẹ̀gbọ́n Màmá tó jẹ́ olórí ẹbí, pe gbogbo wọn jọ, ó sì ka òfin méjì sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé Màmá kò gbọdọ̀ fojú kan ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, nítorí èèwọ̀ ni kí òbí rí sàréè ọmọ tó bí. Ìkejì ni pé etí Ọpẹ́ kò gbọdọ̀ gbọ́.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ!" ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kí orí ẹ̀ dàrú ni? Ẹ ní ìyá ẹ̀ ṣì wà ní ọsibítù. Tó bá gbọ́njú, òun fúnra ẹ̀ á mọ̀."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló jẹ́ pé ẹnu ọmọ àdúgbò tí wọ́n jọ ń jà ni wọ́n ti gbọ́ pé ìyá wọn ti kú, wọn kò sì rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀.

Ìjọ náà bá wọn bò ó. Fíkà kò dárúkọ Wúrà lórí pẹpẹ bí ọmọ bá wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá máa ń rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bó bá ń kọjá. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn yẹn náà sì gbọ́ràn. Bí ìjọ yẹn bá lè fohùn ṣọ̀kan báyẹn lórí òrùlé tó ń jò, òrùlé ì bá ti parí tipẹ́.

Ní ti Akíntóyè, kò ro ọ̀rọ̀ náà sí rere, kò rò ó sí búburú. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti fa aṣọ bo ojú ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ ti kú. Kò sunkún. Nígbà tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí, ohun tó ń rò ni bóyá òun ti pa iná ilé ìdáná. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàákà ní Àkúrẹ́, ó ń padà sí yàrá rẹ̀ ní Ìjàpó, ó ń jẹ ohun tó bá rí. Tí ẹnikẹ́ni bá kí i kú ọ̀fọ̀, á ní, "A dúpẹ́." Ní òpin ọ̀sẹ̀, á wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó, á jókòó ní pálọ̀ Màmá, á ṣe àmín sí àdúrà ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, Màmá gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà sílẹ̀. Ọpẹ́ ní ẹ ṣeun, ó wo oúnjẹ náà, ó sì fi àwo míì dé e.

"Màá jẹ ẹ́ tó bá yá, Màmá. Wọ́n ń dúró dè wá ní ìfidánrawò."

Ọ̀la ni Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ọmọdé, òun ló sì máa ka ẹ̀kọ́ kìíní. Akíntóyè rí i bí aṣọ ṣe ń fẹ́ lọ́rùn ọmọ náà nígbà tó ń jáde. Ó rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé inú rẹ̀. Ó mú àkàrà kan, ó jẹ ẹ́.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Kẹ́mi, olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé Ọpẹ́ há àárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà.

"Ó ṣubú," ni Àǹtí Kẹ́mi wí. "A ń kọrin lọ́wọ́ ni, ó kàn rọra wó lulẹ̀."

Màmá pariwo Jésù. Wọ́n gbé ọmọ wọ yàrá, wọ́n fi omi tútù nù ún lójú. Ó lajú, ó ní kò sí nǹkan kan, ó kàn rẹ òun ni. Màmá sáré lọ po ógì. Nígbà náà ni Àǹtí Kẹ́mi fọwọ́ pe Akíntóyè jáde sí ìdí kànga.

"Dádì Ọpẹ́, ọmọ yìí ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

"Àánú tí wọ́n jọ ń jókòó ló jẹ́wọ́ fún mi nísinsìnyí. Ó ti pẹ́ tí Ọpẹ́ ti ń fún un ní oúnjẹ tó ń gbé lọ sí skúùlù. Ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ìyá òun lòun ń gbààwẹ̀ fún."

Akíntóyè ń wo okùn kànga. Ó rí i pé ó ti fẹ́ já níbì kan.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ni Àǹtí Kẹ́mi wí. Omi ti ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ó bi mí ní kíláàsì pé kí ni èèyàn máa ṣe tí àdúrà kò bá gbà. Gbogbo ọmọ yòókù ló yíjú sí mi. Wọ́n mọ̀, èmi náà mọ̀. Mo ní kí ẹni náà gbààwẹ̀, kó sì yẹ ara ẹ̀ wò bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ló ń dí àdúrà lọ́wọ́. Mo kàn fẹ́ kí ìbéèrè yẹn kọjá lórí mi ni. Mi ò mọ̀ pé á ṣe é."

"Ẹ má sunkún mọ́, Àǹtí."

"Mi ò lè dúró níwájú ẹ̀ mọ́, Dádì Ọpẹ́. Mò ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má purọ́, gbogbo wa sì ń pa á fún un. Tẹ́ ò bá sọ fún un, ẹ wá ẹlòmíì tó máa kọ́ kíláàsì yẹn."

Ó fi ìdí ìró nu ojú, ó wọlé lọ kí Màmá pé ó dàbọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Akíntóyè wọ inú ilé ìdáná. Màmá ń ro ógì, ó sì ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

"Ṣé ọdún Kérésì lo máa fi sọ fún un ni àbí nígbà wo?" ni Màmá bi í, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ."

"Bọ̀ọ̀dá ló ní bẹ́ẹ̀. Pè é. Má dá nǹkan kan ṣe kó wá di pé a ò kà á kún."

Akíntóyè tẹ Bọ̀ọ̀dá Ṣàngódèyí láago, ó sì ròyìn fún un. Bọ̀ọ̀dá tẹ́tí sílẹ̀, ó kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ló wá gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀ bí ẹni tó ti rò ó tẹ́lẹ̀.

"Sọ fún un pé wọ́n ti gbé ìyá ẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìtọ́jú. Ọkàn ẹ̀ á balẹ̀, á jẹun. Lọ́ńdọ̀nù jìnnà. Kó tó di pé ó tún béèrè, á ti wọ sẹ́kọ́ńdírì."

"Ó dáa, sà," ni Akíntóyè wí. Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn láti ìgbà tí Wúrà ti kú náà nìyẹn, ó dáa, sà, ó dáa, mà. Ó gba ife ógì lọ́wọ́ Màmá, ó wọ yàrá lọ láti lọ sọ ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù.

Ọpẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Akíntóyè jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó na ife sí i.

"Mi ò tíì parí, Dádì."

"Àǹtí Kẹ́mi ti sọ fún mi. Mu èyí ná."

Ọmọ náà wo ilẹ̀kùn, ó wo bàbá rẹ̀. "Dádì, mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Màmá ní èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ kó tó béèrè. Mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀ fún Ọlọ́run, bóyá ó fẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín náà ni."

"Kí lo ṣe?"

"Mílíìkì tí ẹ rà fún mọ́mì nígbà tá a ṣì wà ní Àkúrẹ́, tí dókítà ní kí wọ́n máa mu. Èmi ni mo lá a. Mo máa ń fi ọwọ́ bù ú tí wọ́n bá ti sùn. Mọ́mì béèrè, mo ní èkúté ni." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí ara wọn ò fi yá. Mo ti bẹ Ọlọ́run, mo ti bẹ̀ ẹ́."

Akíntóyè gbé ife sílẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un pé kó sọ wà lẹ́nu rẹ̀, òun náà ló sì jáde, nítorí kò ní òmíràn.

"Wọ́n ti gbé mọ́mì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ọpẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa tọ́jú wọn."

Ojú ọmọ náà là. Ó dìde jókòó dáadáa, ó di bàbá rẹ̀ lápá mú. "Ọlọ́run ti gbọ́! Dádì, ṣé ẹ rí i? Ààwẹ̀ yẹn ló ṣe é!" Ó fi ẹsẹ̀ ti ife ógì sẹ́yìn díẹ̀. "Mi ò ní fi sílẹ̀ mọ́. Màá fi tòru kún un títí wọ́n á fi dé."

Akíntóyè wo ọwọ́ tó di apá rẹ̀ mú, bó ṣe tín-ínrín tó. Nǹkan kan dùn ún láyà, ó dùn ún gan-an, débi tó fi gbé ọwọ́ síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn ún gbẹ̀yìn. Ó wá yé e pé ọmọ tó kù fún òun máa pa ara rẹ̀ sórí irọ́ yìí, pé ẹnu òun ni irọ́ náà sì ti jáde.

"Wọn ò sí ní Lọ́ńdọ̀nù," ni ó wí. "Irọ́ ni mo pa."

"Ọsibítù Àkúrẹ́ ni wọ́n ṣì wà?"

"Rárá. Mọ́mì ẹ ti kú, Ọpẹ́. Ó ti pẹ́. Ìgbà tí ilé-ìwé yín wà ní ìsinmi, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Ó kú."

Ọpẹ́ kò sunkún. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá bàbá rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ lé itan ara rẹ̀. Láti ilé ìdáná, ariwo ìkòkò tí Màmá ń fọ̀ dáwọ́ dúró.

"Ṣé mílíìkì yẹn ni?"

"Kì í ṣe mílíìkì. Àìsàn ló pa á. Bó o lá agolo mẹ́wàá, bí o ò sì lá ọ̀kan, àìsàn yẹn náà ló máa pa á."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé èmi ni?"

Ó wu Akíntóyè láti sọ pé Wúrà mọ̀, pé ó rí i ní igun ẹnu ọmọ rẹ̀, pé ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé ẹ̀. Ì bá dùn létí. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

"Mi ò mọ̀. Kò sọ fún mi."

Ọmọ náà mi orí. Ó tún béèrè. "Nígbà tí mò ń gbàdúrà láàárọ̀ yìí, ṣé Ọlọ́run mọ̀ pé wọ́n ti kú?"

"Ó mọ̀."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Àwa ló fi í sílẹ̀ fún pé ká sọ fún ẹ. Àwa la ò sọ. Má fẹ̀sùn kàn án, àwa ni kó o fẹ̀sùn kàn."

"Màmá mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Àǹtí Kẹ́mi? Fíkà? Àánú?"

"Gbogbo wọn."

"Èmi nìkan ni mi ò mọ̀," ni Ọpẹ́ wí. Kò gbé ohùn sókè. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí.

Akíntóyè sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ tó bí. Kò rí i kí bàbá kankan ṣe bẹ́ẹ̀ rí, bàbá tirẹ̀ kò sì jẹ́ ṣe é. "Má bínú sí mi," ni ó wí. "Mo purọ́ fún ẹ. Mo ṣe àmín sí i ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Má bínú, ọmọ mi."

Ọpẹ́ wò ó títí. Kò sọ pé òun kò bínú. Ó yíjú sí ògiri, ó sùn, tàbí ó díbọ́n pé òun sùn. Akíntóyè jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìní ariwo, kò sì nù ún. Màmá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n, ó padà lọ.

Kò sẹ́ni tó gbàdúrà ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọpẹ́ jáde ní yàrá nígbà tó yá, ó jókòó sídìí tábìlì, ó sì jẹ ẹ̀wà tí Màmá gbé síwájú rẹ̀, ṣíbí kan tẹ̀lé èkejì, títí ó fi tán. Màmá tó ti ń gbàdúrà pé kó jẹun kò lè wò ó. Ọmọ náà kò ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́ ni, inú àgbàlagbà méjèèjì sì bàjẹ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, aṣọ funfun tí Màmá ti lọ̀ wà lórí àga. Ọpẹ́ kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé o ò ní lọ ka ẹ̀kọ́ kìíní ni, ọma mi?" ni Màmá bi í lóhùn Oǹdó tó máa ń bọ́ sí i lẹ́nu tí ojú bá ń kán an.

"Àánú lè kà á." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Níbo ni ẹ gbé wọn sí?"

"Ìjàrẹ́. Lẹ́yìn ilé bàbá mi."

"Mo fẹ́ lọ."

Akíntóyè kò wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó dáhùn. "Lọ wẹ̀. A máa lọ nísinsìnyí."

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wé gèlè dúdú, ó sì ti fi báàgì há abíyá. Akíntóyè rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé títì, ọ̀nà gáréèjì ni Màmá yà sí, kì í ṣe ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmá," ni Akíntóyè wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ mọ̀ pé wọn ò gbà kí ẹ..."

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó di Ọpẹ́ lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, Màmá kò sì fi ipá dì í, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀. "Ọmọ yìí ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ṣé kí n tún wá jókòó sílé, kó jẹ́ pé òun nìkan ló máa wò ó ni?"

Mọ́tò Àkúrẹ́ kì í tètè kún láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, Ọpẹ́ láàárín, wọ́n ń retí èrò kan péré. Fóònù Akíntóyè dún. Bọ̀ọ̀dá Ṣàngódèyí ni.

"Mo yà wá wo ọmọ, mo bá ilẹ̀kùn ní títì," ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ohùn rẹ̀ máa ń ròkè lórí fóònù, gbogbo mọ́tò ló ń gbọ́ ọ. "Ṣé ó ti jẹun? Ṣé o sọ ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù fún un?"

"Mo sọ ọ́, sà, kò sì ràn án. Mo ti sọ òótọ́ fún un. A ti wà nínú mọ́tò Àkúrẹ́, Ìjàrẹ́ là ń lọ."

"O ti sọ...! Àwa wo ló ń lọ Ìjàrẹ́?"

Akíntóyè wo àwọn méjèèjì tó jókòó tì í. "Èmi, Ọpẹ́ àti Màmá."

Èrò tó kù dé, ó wọlé síwájú, dẹ́rẹ́bà sì ti ilẹ̀kùn gbà.

"Gbé fóònù fún un," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Akíntóyè na fóònù kọjá níwájú Ọpẹ́. Màmá gbà á, ó gbé e sétí.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni Bọ̀ọ̀dá ń pariwo. "O fẹ́ lọ fojú rí ibi tí wọ́n sin ọmọ tó o bí sí? Taló ṣe é rí nílé wa? Sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò yẹn kíákíá!"

Ọpẹ́ gbójú sókè, ó ń wo ẹnu ìyá àgbà rẹ̀, ó ń retí ohun tó máa sọ. Dẹ́rẹ́bà ti tan mọ́tò.

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá," ni Màmá wí. "Mo ti jókòó."